PrEP: Ta ló yẹ kí ọkùnrin tó ń lo oògùn ìdènà HIV sọ fún, ta sì ni kò pọn dandan kó mọ̀?

Ní oṣù Keje ọdún 2012 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tí ẹni tí kò ní HIV lè máa lò kó má baà kó o. PrEP ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ló ti ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn àti àwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin.

Ìbéèrè kan wà, bí ó ti wù kó rí, tí kò sí nínú ìwé pélébé tó ń bá oògùn náà wá: ta ni ẹni tó ń lò ó yóò sọ fún?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Àbújá. Níbì kan, ìtìjú díẹ̀ ni ẹni tó bá sọ ọ́ yóò fara dà. Níbòmíràn, ó lè pàdánù ilé, iṣẹ́ tàbí òmìnira rẹ̀. Síbẹ̀, bíbò ó mọ́lẹ̀ pátápátá náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé oògùn tí ènìyàn ń fi pamọ́ ni ó rọrùn jù láti gbàgbé tàbí láti pa tì.

Kí ni PrEP, báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́?

PrEP jẹ́ oògùn tí ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò ní HIV ń lò ṣáájú ìbálòpọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ oníhóró, èròjà méjì ló sì wà nínú rẹ̀: tenofovir àti emtricitabine. Truvada ni orúkọ tí iléeṣẹ́ Gilead fi gbé e jáde, kí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní owó tí kò wọ́n.

Bí kòkòrò HIV bá wọ ara ẹni tí oògùn yìí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà kò ní lè máa pọ̀ sí i, kò sì ní lè fìdí múlẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èrò tó wà nídìí PrEP nìyẹn.

CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí ènìyàn bá lò ó bó ṣe yẹ, ó ń dín ewu kíkó HIV nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ kù ní nǹkan bíi ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà méjì ni ọkùnrin lè gbà lo oníhóró yìí. Èkínní ni hóró kan lójoojúmọ́. Èkejì wà fún ẹni tí ìbálòpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìgbà gbogbo: hóró méjì ní wákàtí méjì sí 24 ṣáájú ìbálòpọ̀, hóró kan ní wákàtí 24 lẹ́yìn èyí tó kọ́kọ́ lò, àti hóró kan sí i ní wákàtí 24 lẹ́yìn ìyẹn. Ìwádìí IPERGAY, tí wọ́n ṣe ní Faransé àti Kánádà, ló fi hàn pé ọ̀nà kejì yìí ń ṣiṣẹ́. Àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Kò wà fún obìnrin, kò sì wà fún ẹni tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B.

PrEP kì í dènà àtọ̀sí, syphilis àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń sọ pé kọ́ńdọ̀mù ṣì wúlò.

Kí nìdí tí sísọ ọ́ fi ṣòro?

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú oògùn fúnra rẹ̀. Tenofovir tó wà nínú PrEP náà ló wà nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní HIV ń lò fún ìtọ́jú. Ike oògùn méjèèjì jọra. Bí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, onílé tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá bá rí i, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wọn ni pé àrùn ti wà lára ẹni náà. Oògùn tí ó ń lò kó má baà kó àrùn á wá di ẹ̀rí pé ó ti kó o. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń da hóró oògùn náà sínú ìgò fítámì, tí àwọn mìíràn sì ń fi òwú dí inú ike náà kó má baà máa dún nínú àpò.

Ìdí kejì ni pé ẹni tó bá sọ pé òun ń lo PrEP ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́ mọ̀ pé bí òun bá ti dárúkọ oògùn yìí, ìbéèrè tó kù kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ohun tí àṣírí lè ṣe sí ìwádìí gan-an fara hàn nínú iPrEx, ìwádìí ńlá àkọ́kọ́ lórí PrEP láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ àti àwọn obìnrin tí wọ́n bí ní akọ. Dókítà Robert Grant ló darí rẹ̀. Ènìyàn 2,499 ló kópa nínú rẹ̀ ní Peru, Ecuador, Brazil, Amẹ́ríkà, South Africa àti Thailand, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2010.

Bí wọ́n ṣe ka gbogbo àwọn tí wọ́n fún ní oògùn náà pọ̀, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni ewu fi dín kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sọ fún àwọn olùwádìí pé àwọn ń lo oògùn wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lára àwọn tí kò kó àrùn náà wò, nǹkan bíi ìdajì péré ni wọ́n bá oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lára àwọn tí oògùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní tòótọ́, ewu náà fi ìdá 92 dín kù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Oògùn tó wà nínú ike kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ojú ń tì kò ní sọ òótọ́ fún dókítà pàápàá.

Amẹ́ríkà: láti orúkọ èébú dé àkọlé ojú òpó

Lẹ́yìn tí FDA fọwọ́ sí Truvada, láti inú agbo àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin gan-an ni àbùkù ti kọ́kọ́ jáde. Lọ́dún 2012, akọ̀ròyìn kan kọ àpilẹ̀kọ tó fi pe àwọn tó ń lo oògùn náà ní alágbèrè. Lọ́dún 2014, Michael Weinstein, olórí àjọ AIDS Healthcare Foundation tó ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV láti ọjọ́ pípẹ́, sọ pé oògùn fàájì lásán ni. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé àwọn ènìyàn yóò pa kọ́ńdọ̀mù tì.

Àwọn tó ń lo oògùn náà kò dákẹ́. Àwọn kan ní San Francisco tẹ orúkọ èébú náà sára aṣọ, wọ́n wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n sì ya àwòrán tí wọ́n fi sórí ayélujára. Akọ̀ròyìn tó kọ àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ yẹn náà yí èrò rẹ̀ padà, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tó yá, àwọn ojú òpó ìfẹ́sọ́nà bíi Grindr fàyè sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun kò ní HIV, òun sì ń lo PrEP.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ sọ náà lè rí i pé lẹ́tà kan ti sọ ọ́ fún òun. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ọmọ láti wà lábẹ́ adójútòfò ìlera àwọn òbí rẹ̀ títí tí yóò fi pé ọdún 26. Bí ọmọ náà bá gba ìtọ́jú, iléeṣẹ́ adójútòfò lè fi ìwé àlàyé ìnáwó ránṣẹ́ sí òbí tó ni àdéhùn náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan kò fẹ́ gba PrEP nítorí ìwé yìí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi California, ti ṣe òfin tó jẹ́ kí aláìsàn ní kí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun nìkan.

Ẹ̀yìn náà kò tún rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. CDC ti sọ léraléra pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí HIV ń bá jà jù ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n kéré gan-an láàárín àwọn tó ń lo PrEP.

Lọ́ńdọ̀nù: bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ṣáájú ìjọba

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń sọ ọ́ fún ara wọn ló kọ́kọ́ tan PrEP kálẹ̀. Ìwádìí PROUD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sheena McCormack darí, fi hàn láàárín ọkùnrin 544 pé oògùn náà dín ewu HIV kù ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015, ṣùgbọ́n ètò ìlera ìjọba, NHS, kò tíì máa pín oògùn náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Greg Owen, ọmọ Northern Ireland tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sójú òpó Facebook rẹ̀ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo PrEP. Nígbà tó lọ ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ fún un pé HIV ti wà lára rẹ̀. Ó sọ ìyẹn náà ní gbangba lójú òpó kan náà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i láti béèrè ohun tí PrEP jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti lè rí i.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alex Craddock ṣí ojú òpó ayélujára kan tí wọ́n pè ní I Want PrEP Now. Ó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè ra oògùn tí kò wọ́n láti ilẹ̀ òkèèrè, àti irú àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ ṣe.

Ní 2016, NHS England ní kì í ṣe ojúṣe òun láti sanwó oògùn náà. Àjọ National AIDS Trust gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dá a láre. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ìwòsàn 56 Dean Street ní Soho kéde pé iye àwọn ọkùnrin tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí HIV lára wọn ti fi nǹkan bíi ìdá 40 dín kù sí ti ọdún tó ṣáájú. Àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ àti ìtọ́jú kíákíá wà lára ohun tó fà á. PrEP tí àwọn ènìyàn ń rà lórí ayélujára náà kó ipa tirẹ̀.

Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní PrEP lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2017. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lọ́dún náà, ó sì sọ ọ́ di ètò ìlera gbogboogbò ní 2020.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: níbi tí òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Nàìjíríà ti fi PrEP sínú ìlànà ìtọ́jú HIV ti orílẹ̀-èdè náà láti 2016. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní HIV wà lára àwọn tó lè lò ó. Nítorí náà, pé ènìyàn ń lo PrEP kò fi irú ẹni tó ń fẹ́ hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kò dá lórí àsọdùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ìyà rẹ̀. Òfin kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lélẹ̀ fún ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Òfin náà kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí dókítà tọ́jú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ní Àbújá, tí ìwé ìròyìn Lancet HIV gbé jáde ní 2015, fi hàn pé iye àwọn tó ń bẹ̀rù láti wá ìtọ́jú lọ sókè lẹ́yìn tí òfin náà jáde.

Ẹ̀gbẹ́ kejì òfin náà kò sì ṣófo. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni àkọsílẹ̀ ìlera aláìsàn, òṣìṣẹ́ ìlera kò sì gbọdọ̀ tú u síta àfi níbi tí òfin bá ti gbà á láàyè tàbí tí aláìsàn bá fọwọ́ sí i. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí nítorí HIV jáde.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, òfin kò dọ́gba. Benin àti Côte d'Ivoire kò ní òfin tó sọ ìbálòpọ̀ akọ sí akọ láàárín àgbàlagbà di ẹ̀ṣẹ̀. Togo ní in, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́ta. Ilé aṣòfin Ghana buwọ́ lu àbádòfin tó le ní oṣù Kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n Ààrẹ ìgbà náà, Nana Akufo-Addo, kò fọwọ́ sí i kó tó kúrò lórí oyè. Burkina Faso ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025.

Síbẹ̀, Lomé, Abidjan, Bamako àti Ouagadougou ni ìwádìí CohMSM-PrEP ti wáyé láti ọdún 2017. Ó fún àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ní PrEP, ó sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan bóyá lójoojúmọ́ ni àwọn yóò máa lò ó tàbí nígbà ìbálòpọ̀ nìkan. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ń darí ni wọ́n ti ṣe é. Níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ tó mọ ìgbésí ayé àwọn tó ń gba oògùn náà wà lára àwọn tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ẹni tí kò lè sọ ọ́ nílé rí ẹnì kan tó lè sọ ọ́ fún.

Ta ló yẹ kó mọ̀?

Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni náà. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tenofovir lè pa kíndìnrín lára, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín wò. Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, tí ọ̀pọ̀ ń rà láwọn ilé ìtajà oògùn láì bi dókítà, lè dá kún wàhálà kíndìnrín bí a bá ń lò wọ́n léraléra pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà, bí ẹni tó ní hepatitis B bá ṣàdédé dá oògùn náà dúró, àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè le sí i. Hepatitis B sì wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo PrEP kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ láì sọ ọ́. Bí HIV bá jàjà wọ ara rẹ̀, oògùn náà lè mú kó pẹ́ kí àyẹ̀wò tó rí i. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá lo oníhóró gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí tó lò gbẹ̀yìn. Fún ẹni tó gba PrEP alábẹ́rẹ́, ọdún méjì ni Amẹ́ríkà ní kó dúró. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ wá. Ó lè sọ pé òun kò ní lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí oògùn tí òun ń lò.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Kò sí òfin ìlera tó sọ pé dandan ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó: ìgbà wo ni oníkálukú ṣe àyẹ̀wò gbẹ̀yìn? Ọ̀rọ̀ ṣókí máa ń tó: «Mò ń lo oògùn tó ń dènà HIV. Kòkòrò náà kò sí lára mi, mo sì ṣe àyẹ̀wò lóṣù tó kọjá.» Bí ẹnìkejì bá ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí kòkòrò náà kò sì hàn nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ràn án. Ìwádìí PARTNER, tó tẹ̀ lé tọkọtọkọ 782 nílẹ̀ Yúróòpù, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó HIV lọ́dọ̀ irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Ní ìdà kejì, kí ẹnì kan sọ lẹ́nu lásán pé òun ń lo PrEP kò lè dáàbò bo ẹlòmíràn. Oògùn tí ènìyàn fúnra rẹ̀ lò ló ń dáàbò bò ó.

Ìyàwó ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní ìyàwó nílé. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù. Bí ọkọ kò bá kó HIV, kò ní kó o wálé, ṣùgbọ́n PrEP rẹ̀ kò ní dènà syphilis tàbí àtọ̀sí tó lè gbé dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ìyàwó náà ní ẹ̀tọ́ sí ìlera rẹ̀.

Ọkùnrin tí kò bá tíì lè sọ gbogbo rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò: kí ó máa yẹ ara rẹ̀ wò fún àwọn àrùn ìbálòpọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó máa lo kọ́ńdọ̀mù níta, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí àrùn kankan lára rẹ̀, kò yẹ kó gba ìtọ́jú tirẹ̀ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ìyàwó náà yóò fi rí ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì lè ràn án lọ́wọ́ lórí bí yóò ṣe sọ ọ́. Ọkọ kò gbọdọ̀ fún ìyàwó ní hóró oògùn tirẹ̀: obìnrin gbọ́dọ̀ máa lò ó lójoojúmọ́ kó tó lè dáàbò bò ó, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò.

Ta ni kò pọn dandan kó mọ̀?

Ọ̀gá níbi iṣẹ́, onílé, olùkọ́, aládùúgbò àti ẹni tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lórí ayélujára. Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀daràn kan ń fi orúkọ ẹlòmíràn fa àwọn ọkùnrin lọ sí ibi àdéhùn, wọ́n á lù wọ́n, wọ́n á sì fi àṣírí wọn gba owó lọ́wọ́ wọn. «Kito» ni orúkọ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Àkọlé PrEP tó jẹ́ ohun ìyangàn ní San Francisco lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Àwòrán ike oògùn àti ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí WhatsApp náà lè di ohun ìjà.

Ti ẹbí wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ṣeé fọkàn tán lè máa rán ènìyàn létí àsìkò oògùn àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Àmọ́, ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣì ń jẹun lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, tó sì mọ̀ pé wọ́n lè lé òun jáde, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé kó tó ní ibi tó lè forí pamọ́ sí.

Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún náà ní ojúṣe. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni pé ẹni tó ń lo PrEP kì í ṣe aláìsàn, kò ní HIV. Kò yẹ kó béèrè iye ènìyàn tó ti bá lò pọ̀. Ìbéèrè tó lè ràn án lọ́wọ́ rọrùn: ṣé o ń rí oògùn náà gbà déédéé, ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò rẹ tó kàn?

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó pa á mọ́. Ẹni tó ni àṣírí náà nìkan ló ní àṣẹ láti pinnu ẹni kejì tí yóò gbọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́ tuntun, ìṣòro owó

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, FDA fọwọ́ sí cabotegravir, abẹ́rẹ́ PrEP tí ènìyàn ń gbà ní oṣù méjì-méjì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó tún fọwọ́ sí lenacapavir, tí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ènìyàn ń gbà á lọ́dún. WHO gbà á wọlé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìtura ńlá ni èyí fún ẹni tí kò ní ibi tó lè fi ike oògùn pamọ́ sí, nítorí kò sí hóró tí ẹnikẹ́ni yóò rí.

Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ètò PrEP ní Áfíríkà ró. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn náà fún ìtọ́jú HIV kò jẹ́ kí wọ́n fi owó rẹ̀ pèsè PrEP fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí aboyún àti abiyamọ. Àwọn ọkùnrin tó ń gba oògùn wọn láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wà lára àwọn tó já sí òfo.

Ẹni tí oògùn bá ń tán lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera kó tó tán, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ dá a dúró, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ní hepatitis B. Ọkùnrin tí kò ní in yóò máa lo hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó gbẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, àyẹ̀wò HIV ni yóò kọ́kọ́ ṣe.